Ilẹ̀ Pupa Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dà Lé Bàbá Wa Lórí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe gọ̀ tó, kó bi mí léèrè ilẹ̀ pálọ̀ wa n'Ílá.

Inú pálọ̀ yẹn la sin bàbá wa sí. Sìmẹ́ǹtì ojú oórì wọn ti jìn díẹ̀ láàárín. Ìyá wa, tí ojú wọn ti di bàìbàì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá ibẹ̀ láràárọ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bá ti bọ́ sí kòtò kékeré yẹn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e: "Ẹ káàárọ̀ o, olówó orí mi." Ìgbà yẹn lọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ fún wọn.

Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù dàwátì láyé ológun, ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó dé, ó ní òun fẹ́ jẹ oyè agboolé wa, ilẹ̀ oníkòtò ò yẹ àlejò òun. Òun tí kò tẹ ilẹ̀ ọ̀hún fọ́dún mẹ́ta!

Ó pe bíríkìlà kan láti Òkè-Ìlá. Ìyẹn wo ilẹ̀ tí a ti ń fi pọ́líìṣì kùn láti ìgbà ìsìnkú, ó ní àfi kí òun kọ́kọ́ fọ ọ̀rá pọ́líìṣì kúrò, kí òun sì fi òòlù ṣá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sìmẹ́ǹtì tuntun ò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

"Kí o máa lu òòlù lórí bàbá mi? Èèwọ̀! Dà á lé e bẹ́ẹ̀!"

Ẹ gbọ́ èèwọ̀ lẹ́nu àgbàyà! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kòtò yẹn ni Ìyá fi ń mọ ibi tí Bàbá wà." Ó ní ta ló bi mí.

Bíríkìlà po ìyẹ̀fun pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó dà á, ó dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Nígbà tó gbẹ, ìyá wa fẹsẹ̀ wá ọkọ wọn láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n bi mí pé ṣé a ti hú Bàbá lọ ni. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ ìwúyè, àlejò kún pálọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa àga, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ pupa ń ṣí bí èèpo iṣu sísun. Etí agbádá funfun olóyè tuntun pọ́n fòò. Ó ń pariwo pé bíríkìlà ò mọṣẹ́. Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Ìyá wa dìde. Wọ́n gba àárín àwọn àlejò kọjá, wọ́n ń fẹsẹ̀ ti àfọ́kù sápá kan, títí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn fi tún bọ́ sí kòtò yẹn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lélẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, ṣùgbọ́n "Ẹ káàárọ̀" náà ni wọ́n kí Bàbá.

"Ẹ káàárọ̀ o, olówó orí mi. Ẹ má bínú. Ọmọ yín ló tìlẹ̀kùn mọ́ yín."