Wèrèpè Ẹ̀yìn Oko Ẹ̀gẹ́

“Má fọwọ́ kàn mí o,” ni ìyá ìyá mi wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ya gbogbo ìka, kò jẹ́ kí wọ́n kan ara.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Láti Ìjẹ̀bú-Òde la ti wá sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́nà Ayépé, bí a ti ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀rọ ìlọgaàrí ń dún lókèèrè, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan sì ń bá atẹ́gùn wá. Ẹ̀wà awùjẹ ló ní òun fẹ́ ká lẹ́yìn oko.

Òun ló kọ́ mi ní wèrèpè kí n tó mọ orúkọ mi kọ. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n pa tì ló fẹ́ràn, àti etí ọ̀nà tí oòrùn ń dé. Kí n má wulẹ̀ wá a lábẹ́ igbó dúdú. Ewé rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, òdòdó rẹ̀ a máa rọ̀ sísàlẹ̀. Awùjẹ náà ń yọ ewé mẹ́ta. “Ewé á tàn ẹ́ jẹ. Èso ni kó o wò.” Ti awùjẹ pẹlẹbẹ, ó ń dán. Ti wèrèpè tẹ̀ kọrọdọ, irun pupa sì bò ó.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tíṣà tí kì í simi ẹ̀kọ́ kíkọ́, ti ń sọ fún un pé ojú rẹ̀ ò gbé oko mọ́. Ẹ̀rín ló fi ń dá a lóhùn: “Ọjọ́ tí mo bá pe wèrèpè ní awùjẹ, ẹ gba àdá lọ́wọ́ mi.”

“Kí ni mo já?” ó bi mí.

“Wèrèpè ni, mà.”

“Ó nírun?”

“Ó nírun, mà.”

“Ó tẹ̀?”

“Ó tẹ̀, mà.”

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wú. Mo bu eérú níbi tí wọ́n ti jó igbó, ó fi ra á, kò ké.

“Mo wò ó dáadáa,” ó ní. “Mo wò ó kí n tó já a.”

Ó ní kí n mú àdá. Èmi ni mo ṣíwájú délé, ohun tí a kò ṣe rí. Ó dùn mí, mo sì sunkún lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó gbọ́.

Kò lọ oko mọ́. Tí mo bá dé, á ní kí n sọ ohun tí mo rí fún òun: ewé mélòó, àwọ̀ wo, ilẹ̀ wo ló hù sí. Títí dòní, tí mo bá rí ewéko tí mi ò mọ̀, ẹnu mi á máa ka gbogbo rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní mò ń dá sọ̀rọ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, màá sì sọ ọ́ tán fún ìyá ìyá mi.