Jọláyẹmí àti Ọ̀ọ́dúnrún Orúkọ

Ní ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1989, ọkùnrin kan tó ń lọ sí Òṣogbo dúró ka pátákó Tímótì Jọláyẹmí ní gáréèjì Ìkìrun. Kọ̀ńdọ́ pè é, kò dáhùn. Wọ́n fọn fèrè mọ́tò, ó ní kí wọ́n ní sùúrù, ó kù díẹ̀. Mọ́tò gbé ẹrù rẹ̀ lọ, ó sì fi òun alára sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí a bi í pé kí ni pátákó náà ní kó ṣe gan-an, ọkùnrin náà nu òógùn ojú, ó ní, “Mi ò tíì débẹ̀.”

Ẹ má rò pé ojú ti Jọláyẹmí. Ó fọwọ́ sọ àyà. “Ẹ ò rí i bí? Ìwé tó bá dáa ni í mú kéèyàn gbàgbé mọ́tò!” Ọkùnrin náà kò forúkọ sílẹ̀ o. Ọ̀kadà ló fi sáré lé ẹrù rẹ̀, èpè tó sì ń ṣẹ́ lọ kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Ọgbọ̀n ọdún ni Jọláyẹmí fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Bó bá ti ń to lẹ́tà, àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní Kánò, ní Gánà àti ní Àbíjàn á yọjú lójú fèrèsé. “Bàbá Mojí, tèmi ti dé?” “Kò tíì dé, ìyá.” Ó sọ ọ́ títí ó fi ń dùn ún. Lójú tirẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ náà kọ̀wé mọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé sí wọn láti ilé. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó pinnu pé òun á máa kọ lẹ́tà ilé kan lóṣooṣù: ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, afárá tó já, bí iṣu ṣe ń tà. Ẹni tó bá fi àdírẹ́sì sílẹ̀ á máa rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí eruku ti bò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjọbí, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá ń sọ pé rárá. Lọ́jọ́ tí Jọláyẹmí lọ bẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín dáadáa. “Bàbá, ta ló sọ fún yín pé àwọn èèyàn ń fẹ́ lẹ́tà? Ẹ kó orúkọ ọ̀ọ́dúnrún èèyàn wá kí Kérésìmesì tó dé, tàdírẹ́sì-tàdírẹ́sì. Bí ẹ ò bá rí i kó, iléèwé kan ti fẹ́ máa fi ẹ̀rọ yẹn tẹ ìdánwò.” Bí ẹ̀rọ yẹn bá lọ, lẹ́tà ilé lọ nìyẹn. Jọláyẹmí mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí pátákó nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé Jọláyẹmí á kàn kọ ohun tó ń fẹ́ síbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó ya kìnnìún sápá ọ̀tún, ó ya ẹyẹlé sápá òsì, ó ya ara rẹ̀ sáàárín pẹ̀lú fìlà iṣẹ́. Òwe méje wà níbẹ̀. Ìtàn bí lẹ́tà ṣe kọ́kọ́ wọ Ìkìrun wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ewúrẹ́ nìkan ti lè kà á láìtẹ̀ríba, ó wá kọ ọ́ pé kéèyàn forúkọ sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé tó so mọ́ ẹsẹ̀ pátákó náà: orúkọ, oríkì, agboolé, iye ọmọ, bóyá èèyàn ní ilẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ níwájú ilé, wò ó títí. “Bàbá Mojí, kí lẹ fẹ́ fi iye ọmọ wọn ṣe?”

“Ìmọ̀ ni.”

“Kìnnìún yìí ńkọ́?”

“Iyì ni.”

“Ṣé kìnnìún lẹ fẹ́ máa kọ lẹ́tà sí ni?”

Jọláyẹmí ní kò yé e. Lẹ́yìn oṣù kan, orúkọ mẹ́rin ló wà nínú ìwé. Tirẹ̀ ni méjì nínú wọn. Ó ní báírò lòun ń dán wò.

Ó wá gbé pátákó náà lọ sí Inísà lọ́jọ́ ọjà. Kí ọjà tó tú, ó ti gba ọgọ́ta orúkọ, ló bá ń kọrin bọ̀ wálé bí ẹni tó jẹ oyè. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bí wọ́n ṣe rí ìbéèrè ọmọ àti ilẹ̀ nínú ìwé ni wọ́n ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé owó orí ló dé. Ta ló máa forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún owó orí? Orúkọ ọ̀tá wọn ni wọ́n kọ. Orogún kọ orúkọ orogún, ayálégbé kọ ti onílé. Nígbà tí Jọláyẹmí padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, bàbá kan tó ń jẹ́ Àkànjí ti ń dúró dè é pẹ̀lú kùmọ̀.

“Ìwọ lo fi mí sínú ìwé owó orí?”

“Bàbá, lẹ́tà ọ̀fẹ́ ni!”

“Ọ̀fẹ́? Láti ìgbà wo nìjọba ti ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́?”

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Jọláyẹmí nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i lọ́jọ́ yẹn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Ó fi kìnnìún sílẹ̀ kó bá a kojú Àkànjí. Kìnnìún kò lè jà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bá a gbé pátákó náà wálé, ojú kan ti lọ lára kìnnìún.

Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Jọláyẹmí jókòó sílé, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìgbà tí kò jiyàn ni ẹ̀rù tó bà wá. Àjọkẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ọ̀dà funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lé pátákó náà lórí. Ẹyẹlé lọ. Òwe méje lọ. Nígbà tó kan àwòrán ọkọ rẹ̀, Jọláyẹmí sọ̀rọ̀.

“Rọra o, Àjọkẹ́. Ojú mi nìyẹn.”

“Ojú yín wà lára yín. Ẹ ò tíì sọ ọ́ nù.”

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá síbẹ̀ tí èèyàn lè kà láti inú mọ́tò: Ẹ MÚ ÀDÍRẸ́SÌ ẸNI YÍN TÓ WÀ LẸ́YÌN ODI WÁ. A Ó MÁA KỌ LẸ́TÀ ILÉ SÍ I. Ọ̀FẸ́ NI. Ó fi ìṣó kan lẹ́tà kan tí Jọláyẹmí ti kọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí aráyé fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n máa gbà. Ìbéèrè méjì péré ló ṣẹ́kù: orúkọ àti àdírẹ́sì.

Ìkìrun kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Òkukù, àwọn tí kò mọ̀wé ń mú àpò lẹ́tà àtijọ́ wá láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ìyá arúgbó kan, Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí, na ọ̀kan tó ti gbó, tó ti rún, sí Jọláyẹmí. “Mi ò mọ ohun tó wà lára rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló kọ ọ́.” Jọláyẹmí da àdírẹ́sì náà kọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá lẹ́tà náà padà fún un.

Lọ́jọ́ ìpàdé tó ṣáájú Kérésìmesì, orúkọ ọ̀ọ́dúnrún lé mọ́kànlá ló gbé síwájú ẹgbẹ́. Ògúnjọbí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá àṣìṣe, kò rí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ fún Jọláyẹmí. Ó dìde, ó gbọn agbádá. “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí i pé kìnnìún yẹn ṣiṣẹ́? Abẹ́ ọ̀dà ló wà tó ti ń pè wọ́n!”

Ọdún méje ni lẹ́tà náà fi ń jáde, ì bá sì má gùn rárá bí kì í bá ṣe àsọdùn Jọláyẹmí. Oṣooṣù ló máa ń rìn láti gáréèjì dé ilé ara rẹ̀ nínú lẹ́tà, tó ń ròyìn gbogbo ilé àti gbogbo igi tó bá kọjá. Àjọkẹ́ ní kó gé e kúrò. Jọláyẹmí ní ibi tó dùn jù nìyẹn.

Ó kú lọ́dún 1997. Àjọkẹ́ ló kọ lẹ́tà tó kẹ́yìn: Bàbá yín ti sùn. Ó fi ọjọ́ ìsìn ìrántí sí i, oṣù mẹ́ta síwájú. Ògúnjọbí to ogún àga síta, ó ní ó ti pọ̀ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ti ń sọ̀kalẹ̀ láti Kánò, láti Gánà, àwọn tí a kò rí rí, tí wọ́n ń fi orúkọ kí wa, tí wọ́n ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn wá ti sàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéìfẹ́ dé kẹ́yìn. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ìta gáréèjì kọjá, ó yà níbi tó yẹ kó yà, ó dé ẹnu ọ̀nà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

“Ọmọ mi, ta ló júwe ọ̀nà fún ọ?” Àjọkẹ́ bi í.

Ó dọ̀bálẹ̀. “Bàbá ni, mà. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń mú mi rìn ín.”

Àjọkẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú un wọlé. Àwa tí a ti ń fi Jọláyẹmí rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí wá jókòó síta, a ń sunkún bí ọmọdé. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ó yẹ ká ti sọ fún un.