Wọn Ò Sọ fún Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ kú ní oṣù tó kọjá. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ti mọ̀ pé ó ń kú lọ: dókítà mọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mọ̀, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ pàápàá mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ẹni tí ikú ń bọ̀ wá bá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mò ń kọ èyí, ìbẹ̀rù pọ̀ ju ìbínú lọ lára mi. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ojúlé kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí àti ilé mi. Òun ló ń rán aṣọ mi láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Bí ó bá ń wọn èèyàn, kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀ títí yóò fi kà á sókè sí onítọ̀hún létí. "Ìbàdí rẹ ti fẹ̀ sí i o, àǹtí. Ṣé o gbọ́?" Tí oníbàárà bá bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra sọ ọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ta ló ni ara ọ̀hún? Ẹni tó ni ín ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́." Ó wọn èmi náà lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi gbangba pé ikùn mi ti ń ṣáájú mi wọlé. Mo bínú, ṣùgbọ́n ṣòkòtò yẹn bá mi mu régí.

Obìnrin tí kì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa ara onítọ̀hún ni wọ́n wá purọ́ fún nípa ara tirẹ̀.

Inú rírun ló gbé e dé ọsíbítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, dókítà wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mà, ta ló bá yín wá?" Ìyá Aránṣọ nawọ́ sí àbúrò rẹ̀. Dókítà fa ọkùnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, bí àbúrò náà ṣe padà ròyìn fún mi lẹ́yìn ikú rẹ̀: jẹjẹrẹ ni, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ má jẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀rù á pa á kí àìsàn tó pa á." Dókítà gbà. Wọ́n padà wọlé, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, pé kò ní pẹ́ san. Àbúrò rẹ̀ já búrẹ́dì sínú tíì, ó gbé e sí i lẹ́nu. "Ẹ jẹun ná, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Aránṣọ gbà wọ́n gbọ́. Kí ló dé tí kò fi ní gbà wọ́n gbọ́? Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ó fẹ́ máa bọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá dá a lóhùn lórí fóònù: "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọkọ mi. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọgbẹ́ inú lásán ni, dókítà ti sọ. Nígbà tí o bá fi máa gba ọlidé, màá ti wà nídìí ẹ̀rọ mi." Àbúrò rẹ̀ yíjú sí fèrèsé. Èmi rò pé atẹ́gùn ló ń wá.

Ọmọ yẹn gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìgbà tó máa dé, mọ́ṣúárì ni wọ́n júwe fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ń bi gbogbo wa pé, "Ṣebí wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni?"

Mo lọ bá dókítà náà. Ẹ má rò pé ìkà èèyàn ni o; ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ó fún mi ní àga, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó ní, "Bàbá, mo ti sọ òótọ́ fún aláìsàn kan rí. Ó kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́ títí ó fi kú. Ẹbí rẹ̀ ṣépè fún mi. Láti ìgbà náà, ohun tí ẹbí bá fẹ́ ni mò ń ṣe."

"Ṣé ẹ bi Ìyá Aránṣọ bóyá ó fẹ́ mọ̀?"

"A kì í bi wọ́n bẹ́ẹ̀, sà. Tí a bá ti bi wọ́n, wọ́n ti mọ̀ nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní ọsíbítù wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń fá a, olórí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúpẹ́. Mi ò bá àbúrò rẹ̀ jà: ìfẹ́ ló ṣe é, ìfẹ́ a sì máa gọ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n dókítà búra kó tó wọ aṣọ funfun. Ta ló fún un láṣẹ láti gba ìdágbére lọ́wọ́ ìyá àti ọmọ? Ṣé ìyẹn náà wà lára ìtọ́jú? Bí aláìsàn kan bá ní òun ò fẹ́ gbọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kí ó ti jáde.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Ikọ́ kan ti ń bá mi fà á tipẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú Ìyá Aránṣọ, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde. Ọmọ mi obìnrin wọ́ mi lọ sí ọsíbítù kan náà, torí kò sí òmíràn nítòsí. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Dókítà mìíràn, ọ̀dọ́mọbìnrin, gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Bàbá, ta ló bá yín wá?"

Kí n tó lanu, ọmọ mi ti dìde, ilẹ̀kùn ti tì. Mo jókòó, mò ń wo bàtà wọn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bàtà ọmọ mi kò mira. Nígbà tó wọlé, ó ní kòkòrò lásán ni, pé ká padà wá lọ́jọ́ Ajé fún àyẹ̀wò mìíràn.

Láti ìgbà náà, ọmọ mi kò bá mi jà mọ́. Ọmọ tó ń bá mi jà lórí síga, lórí iyọ̀, lórí fìlà tí mi ò fọ̀! Lánàá, mo dìídì tan síga lójú rẹ̀. Ó gbé àwo eérú wá fún mi. Mo ní, "Kí ni dókítà sọ?" Ó ní, "Ẹ jẹun ná, Bàbá mi."

Ẹ̀yin aláṣẹ ọsíbítù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ dókítà, ẹ jáde wá. Ẹ sọ ẹni tó pàṣẹ pé ẹni tó dúró ni kí ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn fún. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ Ìyá Aránṣọ lójú gbogbo ayé. Kí ẹ sì fi òfin lélẹ̀ pé aláìsàn ni kí dókítà kọ́kọ́ bi, bóyá ó fẹ́ gbọ́, àti ẹni tó fẹ́ kó bá òun gbọ́ ọ. Inú ìwé ìròyìn yìí ni mo ti ń retí èsì yín, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní ti ọjọ́ Ajé, mò ń lọ. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé oorun ti dá lójú mi. Ó ṣeé ṣe kí èmi náà kọjú sí ògiri nígbà tí mo bá gbọ́. Tèmi ni ògiri náà. Bí dókítà bá tún béèrè ẹni tó bá mi wá, èsì mi ti wà nílẹ̀: èmi ni mo bá ara mi wá. Kó ti ilẹ̀kùn, kó jókòó, kó kà á sókè sí mi létí.