Ẹ Má Sọ Pé Kó Dìde

Alhaja Hàwáwù tó ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Ungwan Shanu ni ìyá ẹgbẹ́ wa, àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kàdúná. Èmi ni igbákejì rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́dún 1994, ọ̀rọ̀ Gbádégẹṣin tó ń ta táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwa méjèèjì di wèrè.

Ìyàwó Gbádégẹṣin ti kú, ó ku òun àti Túndùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà àkọ́kọ́ tó na ọmọ náà títí ó fi bẹ́jẹ̀, a pè é sí ìpàdé. Kí ló ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn àgbà wa tí kò sóhun tí wọ́n fẹ́ràn tó kí ọkùnrin fàyà lélẹ̀ bá ní, "Ó tó, dìde. O ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Wọ́n fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Ìgbà kejì ńkọ́? Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó dìde, ó mú ọmọ lọ. Kai! Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá.

Hàwáwù sọ fún wọn pé, "Ẹni tó bá mọ ẹ̀bẹ̀ẹ́ bẹ̀ báyìí, ó ti fi kọ́ra. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa ṣọ́ jù."

"Haba, Alhaja," ni Bàbá Adébíyìí, alága wa, dá a lóhùn. "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ṣebí òsì la fi ń fà á mọ́ra."

"Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń nà án!"

Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ẹ́ wọlé, Túndùn wá wọn aṣọ. Ó ní kí wọ́n rán apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, nínú ooru tó ń bó èèyàn lára. Hàwáwù ká aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ sókè. Ojú wáyà ló bá níbẹ̀, ọgbẹ́ tuntun lórí àpá àtijọ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló pe ìpàdé.

Gbádégẹṣin ò tilẹ̀ jẹ́ ká rojọ́ tán tó fi dọ̀bálẹ̀. Bàbá Adébíyìí ti ń la ẹnu nígbà tí Túndùn kúnlẹ̀ síwájú Hàwáwù.

"Don Allah, Mama, ẹ má jẹ́ kí Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Tá a bá délé, wọ́n á ní èmi ni mo jẹ́ kí àwọn dọ̀bálẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń mú wáyà."

Ojú tì mí.

"Ẹ má sọ pé kó dìde o," ni Hàwáwù wí.

Gbádégẹṣin ò dúró de ẹnikẹ́ni. Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló wà tó fi gbórí sókè, tó wo ọmọ náà. Gbogbo wa la rí ojú tó fi wò ó.

Bàbá Adébíyìí yíjú sí Hàwáwù. "Alhaja," ló wí, "ẹ máa mú ọmọ náà lọ sílé yín."