Aunty Tó Ń Jí Kọ̀ǹpútà

Bí ẹnìkan bá bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ kó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, Aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Decatur l'Amẹ́ríkà ni mo máa ń rántí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Díákónì wa fẹ́ ju laptop àwọn ọmọ Sunday school nù torí pé ó ti gbó, kò sì tàn mọ́. Aunty ní irọ́ ni, òun á fi Linux sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣiṣẹ́. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì í. Ó wá kan yíyan ọ̀nà tí disk á máa gbà to fáìlì: ext4 tó jẹ́ tuntun, tàbí FAT32 àtijọ́.

“Aunty, ẹ fi ext4 sí gbogbo ẹ̀. FAT32 ti gbó,” ni Díákónì wí.

“Màá fi ext4 sí ìyókù. Apá kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà yìí, FAT32 nìkan ni kọ̀ǹpútà lè kà níbẹ̀. Mi ò ní yí i!”

Nígbà tó ṣe tán, Aunty tàn án. Linux yọjú.

“Ó jí lóòótọ́, Aunty, àmọ́ ó mà lọ́ra o.”

“Èmi náà lọ́ra. Ṣé ẹ máa ju èmi náà nù ni?”