Mágè Kò Pọfọ̀ Kankan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Ọ̀rọ̀ ológbò ni o, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín!

Ó ti pẹ́. Lọ́kọ́jà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà. Mo ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, a sì ń gbé nítòsí Paparanda. Eku ló ń dà wá láàmú. Ọkọ mi bá ra ológbò kan lọ́wọ́ Háúsá kan lọ́jà. Mágè ni ọkùnrin náà ń pè é, bí Háúsá ṣe ń pe gbogbo ológbò, orúkọ náà bá mọ́ ọn lára.

Dúdú ni, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Lọ́sàn-án, ẹyinjú rẹ̀ á fún tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Ìrù ẹja gbígbẹ ni mo fi ń bọ́ ọ. Ooru ló máa ń wá kiri ní tirẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ààrò, orí àpò tí oòrùn bá ti mú gbóná.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, Mágè bẹ̀rẹ̀ sí í gun àyà Bùnmi, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta. Kì í ṣe lójoojúmọ́ o! Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò ní wo ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣá, á ká jọ lé ọmọ láyà, á dijú, á máa kùn hùn-ùn, hùn-ùn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, bí mo bá fọwọ́ kan ọmọ, ara rẹ̀ á ti gbóná. Màá fún un lóògùn ibà, ibà náà á sì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá rò?

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjùmú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sí ìkùn yẹn títí. Ó ní ṣé n kò gbọ́ ni, pé ọfọ̀ ni ẹran yìí ń pè lé ọmọ lórí, bó bá sì ti pè é tán ni ara ọmọ ń gbóná. Ọkọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé bí ológbò ṣe ń ṣe nìyẹn tí ara bá tù ú. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Ẹ̀rù ti bà mí dé eegun.

Nígbà tí ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo ju ẹja síwájú Mágè. Bó ṣe ń jẹ ẹ́, mo kì í mọ́lẹ̀, mo fi sápò, mo so ẹnu àpò. Kò bá mi jà. Ó tún ń kùn nínú àpò náà! Mo gbé e fún atukọ̀ Tápà kan létí Odò Ọya, pé kó tú u sílẹ̀ lódìkejì.

"Ẹ má jẹ́ kó padà o," ni mo wí fún un.

Ilé bá dákẹ́. Eku tún ń sáré lájà, n ò kà á sí. Lọ́jọ́ keje, Bùnmi sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo yọjú wò ó, mo rí i pé kò sí nǹkan kan láyà rẹ̀, mo ní Olúwa ṣeun, mo bá lọ fọṣọ. Mo fọ̀ ọ́ tán, mo sá a. Ìgbà tí mo fẹ́ jí i, ara rẹ̀ jó mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti yí sókè, gìrì ti mú un.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé láti ìgbà wo ni ara ọmọ ti ń gbóná. Ẹni tó máa ń sọ fún mi, èmi ni mo dì í sápò.

Bùnmi yè é, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran, bí ó bá ń ṣe ohun tí kò yé yín, ẹ wo ohun tó ń wá kẹ́ ẹ tó pè é lájẹ̀ẹ́. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ sọ ọ́ síta, kó má jẹ́ èmi nìkan ni mo gọ̀ tó báyìí.

Bùnmi ti di ìyá ọmọ báyìí. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀.