Igbá Omi Tí Mo Mú Kúrò Nídìí Ọṣẹ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, igbá omi kan kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìyá mi ní ọjà Aràmọkọ. Ọṣẹ dúdú ni ìyá mi ń sè. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni ó fi ń sè é, ewé ni ó sì fi ń dì í. Èmi ni mo máa ń pọn omi inú igbá náà. Bí mo bá gbàgbé, kò ní ṣí ọṣẹ títí omi yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí omi náà wà fún, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Bí oníbàárà bá dúró, ìyá mi yóò bu ọṣẹ díẹ̀ lé e lọ́wọ́, yóò ní, "Fọ ọwọ́ kan, fi èkejì sílẹ̀, kí o wá wò wọ́n pọ̀." Ẹni náà yóò fọ̀ ọ́, yóò gbóòórùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Mo rántí ìyàwó àgbẹ̀ kan láti Ìlọrò, tí ọṣẹ náà ń ta ọmọ rẹ̀ lára. Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ṣé ẹ fẹ́ bó ọmọ mi bí iṣu ni?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Nígbà tó tún ọṣẹ sè, ó dín omi eérú kù, ó fi àdín kún un, ó sì fi í pamọ́ de obìnrin náà títí ọjà fi tún pé. Láti ìgbà náà ni àwọn abiyamọ Ìlọrò ti ń wá bá a fúnra wọn.

Mo wá lọ sí yunifásítì. Ìwé tí mo kà kò tí ì pọ̀, ìgbéraga ló pọ̀. Mo dé nígbà ìsinmi, mo sọ fún ìyá mi pé ayé ti kọjá igbá omi, pé ọṣẹ tó ń bù fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ àti ọ̀rọ̀ tó ń bá wọn sọ, òfò ni méjèèjì. Mo tẹ àwòrán sára ọ̀rá, mo di ọṣẹ mọ́ inú rẹ̀ pinpin, mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá, mo da omi igbá nù.

Ìyá mi wò mí. Ó ní, "Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ ọ́n, ọmọ mi?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ yóò sọ ọ́ fún wọn, Màámi."

Kò bá mi jiyàn. Ọmọ tó lọ sí yunifásítì ló sọ̀rọ̀.

Ariwo wa gba gbogbo ọjà. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n wo àwòrán, wọ́n lọ. Ọṣẹ ń làágùn nínú ọ̀rá, ó rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó rà á kò rí ẹni sọ ọ́ fún, nítorí ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a gbọ́ wọn. Kí ọdún tó yí, àwọn abiyamọ Ìlọrò ti rí ọlọ́ṣẹ mìíràn ní Ìjerò. Nígbà tí mo gbé igbá padà, omi inú rẹ̀ mọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá mi pa àtẹ rẹ̀ tì. Kò bá mi wí nípa rẹ̀ títí ó fi kú. Ì bá sàn fún mi kó bá mi wí.

Láìpẹ́ yìí, mo jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìjerò, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń kọ́ àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń ta gaàrí ní ìpolówó ọjà. Fóònù ni, àwòrán ni, orúkọ tó dùn ní etí ni. Kò fìgbà kan bi wọ́n léèrè ta ló ń ra ọjà wọn, tàbí kí ni ẹni náà ń ráhùn lé lórí. Ìwà àìmọ̀kan tó gbé ẹ̀wù kóòtù wọ̀ ni mo pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀! Kí a tó ké sí oníbàárà, ó yẹ kí a ti gbọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpolówó ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó kù jẹ́ ariwo. Mo dìde, mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, ayé ti kọjá ìyẹn."

Gbólóhùn tèmi ni ó dá padà fún mi. Ayé ti yí lóòótọ́, fóònù sì wúlò, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń mi orí fún ọmọ tó kàwé, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò jiyàn, mo sì rí ìyá mi láàárín wọn.